Ẹni Tí Ó Ti Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Ràsáàkì, máníjà ilé-iṣẹ́ kajú, dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, tí ó búra, tí ó sì sọ pé àwọn obìnrin tí iná jó pa ni wọ́n fúnra wọn ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti inú kí wọ́n lè ráyè jí kajú, ọjọ́ náà gan-an ni Waheedat pinnu pé ọkùnrin yìí kò ní í mú un jẹ. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó jókòó láàárín àwọn èrò ìwòran, ó tẹjú mọ́ ẹnu máníjà náà bí ó ti ń ṣí tí ó ń pa dé, ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹnu yìí kan náà ni yóò tú àṣírí náà sílẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn lójijì láti gbé omi wọlé fún alága, ọwọ́ ọ̀tún Ràsáàkì sáré wọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó wá nǹkan kan níbẹ̀, kò rí i, ó sì yọ ọwọ́ náà jáde wẹ́rẹ́. Waheedat rí i, kò kà á sí.

Ìgbìmọ̀ gba ọ̀rọ̀ Ràsáàkì gbọ́. Wọ́n jẹun ọ̀sán, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fún àlejò ṣíṣe, wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yan kajú, tí wọ́n sì ń fọ́ ọ, ni iná ti sọ, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Ìwéré-Ilé. Epo inú èèpo kajú ni ó gbaná nínú agbada ńlá, iná epo yìí kì í sì í gbọ́ ti omi. Àwọn obìnrin tí ń fọ́ kajú sáré lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n bá a ní títì. Wọ́n fi ọwọ́ lù ú, wọ́n fi ẹsẹ̀ ta á. Àwọn tí ń ti ọjà bọ̀ lórí ọ̀kadà gbọ́ ìró ilẹ̀kùn onírin náà kí wọ́n tó rí èéfín. Mùyìbátù gba ojú fèrèsé já bọ́ síta, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bó. Misturat ọmọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kò jáde.

Kò sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí tí kò mọ̀ pé máníjà ni ó ń ti ilẹ̀kùn náà. Òun ni ó ní àwọn obìnrin ń fi gèlè kó ọmọ kajú jáde. Òun ni ó ra àgádágodo. Àpò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣì ń jẹun níbẹ̀ pa ẹnu wọn mọ́, àwọn tí ìbá sì sọ ọ́ láìbẹ̀rù ti wà nínú ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe àwọn òkú lólè. Àwọn ọmọ wọn kò lè dúró lẹ́nu ẹ̀rọ omi kí ẹnì kan má bi wọ́n bóyá wọn kò ní kajú díẹ̀ nílé.

Waheedat kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò. Ọmọ Komu ni, ó kàwé gboyè nípa ìtọ́jú ọkàn, àjọ kan sì gbà á láti máa jókòó ti àwọn tí iná náà ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́. Yóò jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé Mùyìbátù, obìnrin náà yóò sì sọ bí ìró ṣe rí, bí òórùn ṣe rí, bí ọwọ́ Misturat ṣe bọ́ lọ́wọ́ òun. Waheedat yóò gbọ́ ọ tán, yóò ní kí wọ́n jọ mí sínú, kí wọ́n jọ mí síta. Nígbà tí ó bá wọkọ̀ padà sí Ìsẹ́yìn, èrò ọkọ̀ mìíràn lè máa wí pé kí awakọ̀ yí rédíò sókè. Òun yóò ti fi eyín há ètè rẹ̀ títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí ń gbọ́ irú nǹkan báyìí lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tí òun náà ń sọ ọ́ sí. Àwọn olùtọ́jú ọkàn tí ó wà ní agbègbè náà, láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, ní irú ibẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n a máa pàdé ní àgbàlá àwọn ahunṣọ tí ó jẹ́ ti ìdílé ọkọ Màmá Florence, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó kọ́kọ́ kó wọn jọ. Ibẹ̀ ni Florence mú nítorí pé ariwo òfì kì í jẹ́ kí ẹni tí ń kọjá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kì í kọjú sí àwọn yòókù. Òwú gígùn tí àwọn ahunṣọ ta sílẹ̀ ni yóò kọjú sí, pẹ̀lú òkúta tí ó di ìdí òwú náà mú, tí ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ti ń gùn sí i. Yóò sọ ohun tí aláàárù máa ń sọ bí ọrùn bá wọ̀ ọ́, pé, “Ẹ sọ̀ mí.” Àwọn yòókù yóò dáhùn pé, “Gbé e kalẹ̀.” Lẹ́yìn náà, yóò sọ ọ́. Kò gbọ́dọ̀ dárúkọ, kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ìlú, kò gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe. Àwọn tí ń gbọ́ kò gbọ́dọ̀ gbà á nímọ̀ràn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé ohun tí wọ́n gbọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà àgbàlá.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ihò kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí. Ara ènìyàn ni wọ́n kọ́ nípa rẹ̀: bí ọwọ́ ti ń gbọ̀n, bí ojú ti ń sá, ibi tí ènìyàn yàn láti jókòó sí. Wọ́n a pa orúkọ mọ́ dáadáa, wọ́n a sì gbé gbogbo ara ẹni náà kalẹ̀ síwájú ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Mọ́ládé. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni Mọ́ládé, ó ju Waheedat lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, ilé-iṣẹ́ kajú náà ni ó sì háyà rẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí ń di kajú sínú ọ̀rá. Nígbà tí ọdún kan iná náà ku díẹ̀ kó pé, ó kọjú sí òwú, ó ní kí wọ́n sọ̀ òun.

Ó ní òun ń tọ́jú ẹnì kan tí kò lè jókòó kí ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí wọ́n fi òkúta tì í kí afẹ́fẹ́ má baà pa á dé. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á sáré wọ àpò, á máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ìró irin ni, kì í mọ ibi tí òun wà mọ́. Á máa dá àwọn tí kò sí níbẹ̀ lóhùn.

Mọ́ládé tẹjú mọ́ òkúta ìdí òwú náà. Òfì kò dákẹ́.

“Mo kórìíra rẹ̀,” ni ó wí. “Mo ń sọ fún un pé kó mí sínú, kó mí síta, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó máa gbọ́ ìró náà títí ayé. Ẹ̀yin ará mi, ẹ sọ̀ mí.”

“Gbé e kalẹ̀,” ni wọ́n wí. Ohùn Waheedat ni ó rinlẹ̀ jù nínú ohùn gbogbo wọn.

Ó ti rí ọwọ́ tí ó wọ àpò náà. Ó ti rí i ní gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, ó sì mọ ẹni tí ó ni ín. Ó wo ẹ̀yìn Mọ́ládé tí ń mì tẹkún tẹkún, ó mọ̀ pé ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe òun, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ilẹ̀kùn onírin kan lọ.

Ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣe fídáù ọdún kan fún àwọn òkú. Lẹ́yìn fídáù ni Ràsáàkì yóò lọ sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti fún un ní ipò tí ó ga ju èyí lọ. Waheedat mọ̀ pé bí ọkùnrin náà bá fi lè wọ ọkọ̀ Ìbàdàn láìsọ ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn, olè ni Misturat yóò máa jẹ́ títí ayé. Àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ sì fúnra wọn ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá bá àwọn ṣètò ìjókòó, níwọ̀n ìgbà tí òun ni ó mọ bí a ti ń bá àwọn ẹbí náà lò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní ọyẹ́ tí ń fẹ́ kò ní í jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà lè jókòó níta, pé inú gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tún kọ́ síbi tí iná ti jó ni ó dára. Òun ni ó to àga. Ó gbé àga máníjà síwájú gbogbo èrò, ó sì fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó lọ bá Mùyìbátù, ó ní nígbà tí Ọ̀gá Ràsáàkì bá dìde láti sọ̀rọ̀, kí òun àti àwọn obìnrin yòókù wà níta, kí wọ́n lu ilẹ̀kùn náà bí wọ́n ti lù ú lọ́jọ́ iná.

Mùyìbátù wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tí ó ti di pípọ́n àti dídán. “Ṣé ó máa dùn ún?”

“Ó máa dùn ún, Ìyá Misturat.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Waheedat dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Mùyìbátù ní kò burú, bí ó bá ti lè dùn ún, kò sí ohun tí òun tún fẹ́ mọ̀.

Gbogbo ohun tí Waheedat kọ́ nílé ìwé lòdì sí ohun tí ó ń ṣe yìí. A kì í mú ẹni tí iná jó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn iná láìtíì múra rẹ̀ sílẹ̀. Ó rántí ẹ̀kọ́ náà, ó rántí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ, ó sì gbé e tì.

Ní ọjọ́ fídáù, gbọ̀ngàn kún. Àwọn ààfáà ka Kùránì, Lèmọ́mù ṣàdúà, alága ìgbìmọ̀ ìwádìí pàápàá wà níbẹ̀ nínú agbádá funfun. Mọ́ládé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ràsáàkì jókòó sétí àga bí ẹni tí àga ń jó nídìí, ó ń bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é, ó dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kí àwọn èrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kádàrá: pé bí Ọlọ́hun bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀dá, kò sí ẹni tí ó lè pa á rẹ́. Waheedat rìn yí ìdí ògiri po, ó mú ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó fà á dé. Kò tì í. Ó kàn pa á dé ni.

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Kì í ṣe ìlù tí ó bára mu. Ọwọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọwọ́, òmíràn lókè, òmíràn nísàlẹ̀, irin sì ń dún gbàgà gbàgà. Àwọn kan nínú èrò dìde. Ìyá àgbà kan fi ìborùn bo etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ràsáàkì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wọ àpò, ó ń wá, ó ń wá.

“Mò ń bọ̀,” ni ó ń wí. “Ẹ ṣe sùúrù, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ẹ fẹ́ jáde lọ fi kajú pamọ́ ni. Ẹ dúró, mò ń ṣí i, mò ń ṣí i.”

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Lèmọ́mù gbọ́ ọ. Alága ìgbìmọ̀ gbọ́ ọ, ó sì wolẹ̀. Ràsáàkì rọ́ lu ilẹ̀kùn, ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, nígbà tí kò sì sí ní títì, ó ṣí wàá, ó sì gbé e ṣubú sẹ́yìn. Mùyìbátù dúró níbẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ó nà án sí i lójú.

“Ràsáàkì,” ni ó wí, láìfi ọ̀gá síwájú rẹ̀. “Wò ó. Ṣé kajú ló wà níbẹ̀?”

Ọkùnrin náà fi ojú bolẹ̀ níbi tí ó ṣubú sí, ìtọ̀ sì ti tú sí i lẹ́sẹ̀. Waheedat dúró, ó wò ó dáadáa. Ó ti rò pé ojú yóò ti òun díẹ̀. Ojú kò tì í. Adùn kan ni ó gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá tí ó sì balẹ̀ sí ikùn, irú èyí tí kò tíì tọ́ wò láti ọjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ìgbà tí ó gbójú sókè ni ó rí Mọ́ládé. Mọ́ládé kò wo Ràsáàkì. Waheedat ni ó ń wò.

Àwọn ọlọ́pàá mú máníjà lọ kí oòrùn tó wọ̀. Lèmọ́mù dárúkọ àwọn òkú ní ọjọ́ Jímọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá tún pè wọ́n lólè ti purọ́ mọ́ òkú. Ní ọjà Ìwéré-Ilé, àwọn tí ó ti ń fi àwọn ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń fi ẹ̀bùn bò wọ́n. Ohun gbogbo tí Waheedat fẹ́ ni ó rí.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ó lọ sí àgbàlá àwọn ahunṣọ. Ó bá wọn lórí ìdúró. Mọ́ládé sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fídáù, ó sì sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ń ka ohun tí kò kàn án. Kò sí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kankan tí ó tún ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ènìyàn bá sọ fún un ni wọ́n fi ń lu onítọ̀hún ní gbangba. Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tí ń di kajú, tí ó ti ń gbìyànjú láti ìgbà pípẹ́ láti sọ ohun tí ẹnì kan ń fi ojú rẹ̀ rí nílé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Ó ti ránṣẹ́ báyìí pé òun kò wá mọ́.

“Bùọ̀dá Mọ́ládé, ẹ̀yin náà kórìíra rẹ̀,” ni Waheedat wí. “Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.”

“Mo sọ ọ́ kí n lè fi í sílẹ̀ níbí. Ìwọ lo gbé e wọ̀ lọ bí aṣọ.”

Màmá Florence ní kí Waheedat sọ fún ẹgbẹ́ pé òun ṣe ohun tí kò tọ́. Ó ní bí ó bá lè sọ gbólóhùn yẹn, àwọn yóò wá bí àwọn yóò ti ṣe é.

“Mo ṣẹ̀ yín, Màmá. N kò ṣẹ Ràsáàkì.”

“Ta ló bi ọ́ nípa Ràsáàkì?”

“Bó bá tún di ọ̀la, Màmá, màá tún pa ilẹ̀kùn náà dé.”

Florence mi orí. Kò bínú, ó dà bí ẹni tí ó rẹ̀. Ó ní òtítọ́ tí Waheedat sọ yìí ni kò jẹ́ kí àwọn lè tún máa sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Waheedat jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí òwú, ó ní, “Ẹ sọ̀ mí.” Ó gbọ́ ìró òfì àwọn ahunṣọ, ó gbọ́ bí ẹnì kan ti wúkọ́. Kò gbọ́ ìdáhùn kankan. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti ń jáde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ìwéré-Ilé lọ́jọ́ Ajé. Mùyìbátù ti sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta lẹ́yìnkùlé, ara rẹ̀ sì yá ju bí Waheedat ti rí i rí lọ. Waheedat ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, kí wọ́n jọ mí sínú. Obìnrin náà fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ mímí dànù.

“Èyí tí a ṣe sí Ràsáàkì yẹn ló jẹ́ kí n máa rí oorun sùn,” ni ó wí. “Ọmọ mi, alága ìgbìmọ̀ ńkọ́? Òun ló jẹun wọn tó sì kọ orúkọ ọmọ mi mọ́ olè. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ fídáù, ó ń wolẹ̀, ó ti lọ sílé rẹ̀ lọ jẹun. Ẹ̀yin olùtọ́jú ọkàn lẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú gbogbo ayé. Kí lòun ń bẹ̀rù?”

Waheedat la ẹnu láti sọ pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, Màmá Florence ti kọjú sí òwú, ó sì ti sọ nípa ọkùnrin àgbà kan tí ó ní láti máa yípo kí ó tó délé, nítorí ẹnì kan tí ó fi ọkọ̀ gbá lójú ọ̀nà tí ó yá jù, tí kò dúró, tí kò sì tíì sọ fún ẹbí ẹni náà. Waheedat sì ti pàdé ọkọ̀ alága ní Komu lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí kò yẹ kí ó gbà, tí ó ń yípo.

Tẹ́lẹ̀, ìbá gbé ìbéèrè yìí lọ sí àgbàlá àwọn ahunṣọ, ìbá sì sọ pé ó ń wu òun láti dáhùn. Kò sí ibi tí yóò gbé e lọ mọ́. Inú ń bí i sí alága, inú ń bí i sí Florence, inú ń bí i sí Mọ́ládé, adùn ọjọ́ fídáù sì tún ń wù ú tọ́ wò.

Mùyìbátù ń dúró dè é, ó ti yí ẹ̀gẹ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀ padà tán.

“Ọ̀nà kan wà,” ni Waheedat wí, “tí alága kì í gbà.”

Obìnrin náà wọ́ àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn.